Bí Róbọ́ọ̀tì Bá Ṣàṣìṣe Lára Aláìsàn, Ta Ni Òfin Máa Mú?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Houston pè mí lórí WhatsApp. Ó ti pẹ́ gan-an nílùú òyìnbó, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà á, àmọ́ ohùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ò dà bíi tàtẹ̀yìnwá. Wọ́n ti rí jẹjẹrẹ ní prostate rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ọsibítù sì ti kó ìwé ìyọ̀ǹda fún un pé kó lọ kà á, kó buwọ́ lù ú, kó sì mú un padà wá. Ó gbé fóònù sún mọ́ ìwé náà kí n lè rí i, ó wá fi ìka tẹ ìlà kan láàárín.

“Lọ́yà mi, ka ibí yìí fún mi. Wọ́n kọ róbọ́ọ̀tì síbẹ̀. Ṣé róbọ́ọ̀tì ló máa là mí ni?”

“Ẹ fara balẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Délé. Dókítà yín náà ló máa ṣe é.”

“Tó bá wá gé ohun tí kò yẹ kó gé ńkọ́? Ta la máa mú? Ṣé irin la máa pè lẹ́jọ́ ni?”

Mo dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn bí mo ṣe lè ṣe é lórí fóònù, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ju ohun téèyàn ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń bi mí ní irú rẹ̀ látìgbà tí ariwo AI ti gba ìgboro. Ohun tí mo kọ síbí yìí ni ìdáhùn tí mi ò ráyè fún un lọ́jọ́ náà.

Kí n ti ibi tó le jù lọ bẹ̀rẹ̀: òfin kò mọ ẹ̀rọ lẹ́ni. Bí ọ̀bẹ bá gé ọmọ lọ́wọ́, a kì í bi ọ̀bẹ léèrè, ẹni tó gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o la máa ń bi. Àwọn kan ti fẹ́ yí i padà rí o. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Yúróòpù dábàá pé kí wọ́n ronú lórí sísọ àwọn róbọ́ọ̀tì kan tó ń dá ṣe ìpinnu di “ẹni” lójú òfin, lọ́nà tí wọ́n á fi lè jẹ gbèsè ohun tí wọ́n bà jẹ́. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ tó ju 150 lọ kọ lẹ́tà pé àwọn ò fara mọ́ ọn, torí pé ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ṣe ni kó fún àwọn tó ṣe ẹ̀rọ lọ́nà àtisá. Àbá náà ò di òfin. Inú mi dùn sí i. Róbọ́ọ̀tì ò ní ilé, kò lówó ní báńkì, ojú ò sì lè tì í. Bí ilé ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi, ta ló máa san owó gbà-má-bínú?

Torí náà, èèyàn ni òfin ń wá. Kí a tó mọ ẹni tó jẹ́, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí a ń sọ, torí nǹkan méjì ni àwọn èèyàn ń fi orúkọ kan pè.

Róbọ́ọ̀tì tó wà nínú ìwé Bọ̀ọ̀dá Délé ni èyí tí wọ́n ń pè ní da Vinci. Ọdún 2000 ni FDA, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìṣègùn, gbà kí wọ́n máa lò ó. Dókítà á jókòó sídìí àpótí ńlá kan, á ki ojú bọ ibi ìwòran, á sì fi àwọn ìka rẹ̀ di ohun ìdarí mú. Bó bá yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀, apá irin tó wà nínú ikùn aláìsàn náà á yí díẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, irin á dáwọ́ dúró. Kì í dá ronú, kì í sì í dá pinnu. Lójú òfin, irinṣẹ́ dókítà ni, bíi sísọ́ọ̀sì àti abẹ, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó.

AI, tí àwa ń pè ní ọgbọ́n àtọwọ́dá, kò lọ́wọ́ kò lẹ́sẹ̀ ní tiẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n á fi àwòrán rẹpẹtẹ kọ́ ọ, títí tó fi máa lè wo fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú alátọ̀gbẹ, kó sì sọ pé kí ẹni yìí tètè lọ rí dókítà ojú. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni sísọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, iṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá kàwé fún ọ̀pọ̀ ọdún tó sì ní ìwé àṣẹ nìkan la máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni wàhálà òfin ti bẹ̀rẹ̀.

Róbọ́ọ̀tì náà ní wàhálà tiẹ̀, pàápàá bí okùn rẹ̀ bá gùn. Lọ́jọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Jacques Marescaux jókòó sí New York, ó sì yọ àpò òróòro obìnrin kan tó dùbúlẹ̀ sí Strasbourg lórílẹ̀-èdè Faransé. Agbami òkun wà láàárín ọwọ́ dókítà àti ikùn aláìsàn. Bí nǹkan bá yíwọ́ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin ìlú wo ni wọ́n máa tẹ̀ lé? Nínú Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ohun tí àwọn ìpínlẹ̀ sábà máa ń sọ ni pé ibi tí aláìsàn wà ni ìtọ́jú ti wáyé, kí dókítà sì ní ìwé àṣẹ ibẹ̀. Tó bá ti kan orílẹ̀-èdè méjì, àfi káwọn lọ́yà jókòó.

Ó yá, báwo ni ìjọba ṣe ń mọ ètò kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ohun èlò ìṣègùn yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Ohun tí ẹni tó ṣe é sọ pé ó wà fún ni wọ́n ń wò. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra àgbo inú ike ní Nàìjíríà mọ èyí dáadáa. Ewé àti egbò kan náà ni, àmọ́ bí olówò bá fẹ́ kọ ọ́ sára ike pé ó ń wo àrùn báyìí báyìí, NAFDAC á ní kó mú ẹ̀rí wá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lára ọ̀pọ̀ ike pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa oògùn náà wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni aago ọwọ́. Bó bá ń ka iye ìṣísẹ̀ tí ẹ rìn lójúmọ́, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè. Àmọ́ nígbà tí Apple fẹ́ kí aago rẹ̀ máa sọ fáwọn èèyàn pé ọkàn wọn ò lù bó ṣe yẹ, ó di dandan kó gba ọ̀dọ̀ FDA kọjá, wọ́n sì fún un láṣẹ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018.

Èyí tún jẹ́ ká mọ ibi tí àwọn ẹ̀rọ tí à ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn fún un kó bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ṣe é ò pè é ní oníṣègùn, wọ́n á sọ pé ìmọ̀ lásán ló ń fúnni, torí náà irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún aago yẹn kò kàn án. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń gbé ìgbésẹ̀ tiwọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, bí ọsibítù ní California bá fi AI kọ ọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú ránṣẹ́ sí aláìsàn, tí òṣìṣẹ́ ìlera kankan ò sì kà á kó tó lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́, kí wọ́n sì sọ bí aláìsàn ṣe lè rí èèyàn bá sọ̀rọ̀. Òfin mìíràn níbẹ̀ sọ pé iléeṣẹ́ adójútòfò kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ nìkan pinnu pé aláìsàn kò nílò ìtọ́jú kan, àfi kí oníṣègùn tó níwèé àṣẹ pinnu rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, Illinois sọ pé ẹ̀rọ ò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìjíròrò tọ́jú ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ FDA, torí “FDA ti fọwọ́ sí i” jẹ́ gbólóhùn tó ń fi àwọn èèyàn lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun èlò AI tí àjọ náà ti fọwọ́ sí ti ju 1,000 lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà fún wíwo àwòrán bíi X-ray àti scan. Àmọ́ ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn gbà wọlé ni èyí tí wọ́n ń pè ní 510(k). Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà fi hàn pé kò yàtọ̀ púpọ̀ sí òmíràn tó ti wà lọ́jà. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n lò ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn kí wọ́n tó gbé e jáde. Ọ̀nà tó le jù wà fún ohun tí ewu rẹ̀ pọ̀, bí ohun tí wọ́n ń rì mọ́ ọkàn. Èyí tó wà láàárín wà fún ohun tuntun tí kò tíì ní ẹgbẹ́ lọ́jà.

Ọ̀nà àárín yẹn ni ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní IDx-DR gbà ní oṣù kẹrin ọdún 2018, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Òun ni ẹ̀rọ AI àkọ́kọ́ tí FDA gbà láyè kó máa dá sọ ohun tó rí láìsí pé dókítà ojú tún un wò. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò á ya fọ́tò inú ojú alátọ̀gbẹ, ẹ̀rọ á sì sọ bóyá àtọ̀gbẹ ti ba ẹ̀yìn ojú jẹ́ kọjá ìwọ̀nba. Alátọ̀gbẹ 900 ni wọ́n fi dán an wò ní ilé ìwòsàn 10. Lára àwọn tí àrùn náà ń ṣe lóòótọ́, ó mọ̀ ọ́n ní ìgbà 87.4 nínú 100. Lára àwọn tí kò ṣe, ó mọ̀ pé kò ṣe wọ́n ní ìgbà 89.5 nínú 100. Ẹ wo nǹkan bí ènìyàn 13 tí ẹ̀rọ fi sílẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí àrùn náà ń ṣe. Ta ló máa dáhùn fún wọn nígbà tí kò sí dókítà láàárín? Michael Abràmoff, dókítà ojú tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, sọ ní gbangba pé iléeṣẹ́ òun ló máa ru ẹrù náà, wọ́n sì ra ìwé adójútòfò lé e, bí dókítà ṣe máa ń ra tiẹ̀. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun lè dá ṣe iṣẹ́ dókítà, kó gba ẹ̀bi tó máa ń tẹ̀ lé iṣẹ́ dókítà mọ́ ọn.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń yọ àwọn aṣòfin lẹ́nu. Oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yìí, bákan náà ló máa rí lọ́dún márùn-ún sí i. AI lè yí padà bó bá ṣe ń rí aláìsàn sí i, tí yóò fi jẹ́ pé èyí tí ìjọba yẹ̀ wò kọ́ ló wà ní ọsibítù mọ́. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí FDA ń ṣe ni pé kí wọ́n ti ètò náà pa, kó má kọ́ nǹkan tuntun mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i. Ní ìparí ọdún 2022, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣí ọ̀nà mìíràn: kí ẹni tó ṣe é kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé irú àyípadà báyìí ni mo fẹ́ máa ṣe, báyìí ni mo ṣe máa dán an wò, ibi tí mi ò sì ní kọjá nìyí. Bí FDA bá gbà á, kò ní máa padà wá tọrọ àṣẹ nígbà gbogbo. Bó bá kọjá ibi tó sọ, ó ti rú òfin.

Àwọn ètò kan wà tí kì í gba ẹnu ọ̀nà FDA kọjá rárá. Òfin ọdún 2016 kan yọ àwọn tó jẹ́ pé ìmọ̀ràn lásán ni wọ́n ń fún dókítà kúrò, tí dókítà bá ṣáà lè rí ìdí ìmọ̀ràn náà kó sì fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dà bí ohun tó bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Michigan yẹ ètò kan wò tí ọ̀pọ̀ ọsibítù Amẹ́ríkà ń lò, tí FDA kò yẹ̀ wò ṣáájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ké gbàjarè bí àkóràn bá fẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, àìsàn tó lè pa èèyàn láàárín wákàtí mélòó kan. Ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí àìsàn náà mú ni kò ké sí. Bẹ́ẹ̀ ló sì ń ké lórí àwọn tí nǹkan kan ò ṣe, tó fi jẹ́ pé etí á di sí i.

Yúróòpù gba ọ̀nà tó yàtọ̀. Òfin AI wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ewu ẹ̀rọ bá ṣe tó ni òfin náà ṣe máa ń le tó. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ pátápátá, ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 35 owó Euro tàbí ìdá 7 nínú 100 owó tó ń wọlé fún iléeṣẹ́ náà kárí ayé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Púpọ̀ nínú AI ìṣègùn bọ́ sí ìsọ̀rí ewu ńlá: ó gbọ́dọ̀ ní àkọsílẹ̀, kí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ dára, kí èèyàn sì lè dá a dúró. Oṣù kẹjọ ọdún 2027 ni ọjọ́ tó wà nínú òfin náà fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ nígbà tó jáde, àmọ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni Ìgbìmọ̀ Yúróòpù dábàá pé kí wọ́n sún un síwájú. Gbólóhùn kan nínú òfin náà wù mí púpọ̀. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òun máa gbára lé e jù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tẹ̀ lé ohun tí fóònù sọ nípa ọ̀nà, tó sì já sí ẹ̀yìnkùlé olóko, mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Dókítà náà èèyàn ni.

Mo fẹ́ kí àwa aláwọ̀ dúdú fetí sí ibi tó kàn yìí dáadáa. Ẹ rántí ohun kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń há sórí ìka èèyàn láti mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀. AI kọ́ ni, iná ló ń tàn gba inú awọ ara kọjá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà ń jà, ìwádìí kan láti Michigan fi hàn pé nínú àwọn tí ohun èlò náà ní afẹ́fẹ́ wọn wà láàárín 92 sí 96, ìdá 11.7 nínú 100 aláwọ̀ dúdú ló jẹ́ pé afẹ́fẹ́ wọn ti já wálẹ̀ sí ibi ewu. Fún àwọn aláwọ̀ funfun, 3.6 ni. Ìyẹn ni pé dúdú ara wa ń tan ẹ̀rọ jẹ, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà orí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń lò láti mọ ẹni tó máa gba bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ti fi gbà kí wọ́n máa tà á bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó di oṣù kìíní ọdún 2025 ni FDA tó gbé àbá jáde pé kí àwọn tó ń ṣe é máa dán an wò lára àwọn èèyàn tó pọ̀ sí i, tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra.

Bí ohun tí kò lọ́gbọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ wo ohun tí ètò tí wọ́n fi ìtàn àtijọ́ kọ́ lè ṣe. Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn Science gbé ìwádìí kan jáde lórí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà láti mú àwọn aláìsàn tó nílò àbójútó àkànṣe. Wọn ò sọ fún un rárá pé ta ni dúdú, ta ni funfun. Ohun tí wọ́n ní kó wò ni iye owó tí ìtọ́jú ẹni kọ̀ọ̀kan ti ná. Àmọ́ owó tí wọ́n ń ná lórí aláwọ̀ dúdú ti kéré látẹ̀yìn wá, kì í ṣe torí pé ara wọn le, bí kò ṣe pé ìtọ́jú kì í tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ni ẹ̀rọ bá kà á sí pé àwọn lara wọn yá jù. Àwọn olùwádìí náà ṣírò pé bí wọ́n bá tún un ṣe, iye aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí wọ́n máa mú fún ìrànlọ́wọ́ á kúrò ní ìdá 17.7 nínú 100, á di 46.5. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rọ kì í ṣojúsàájú. Àṣà tó bá bá nílẹ̀ ló máa kọ́. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kan ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọsibítù tó ń gba owó ìjọba láti wá irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ètò tí wọ́n ń lò, kí wọ́n sì dín in kù.

Mo ti gba ọ̀nà jíjìn kí n tó dé orí ìbéèrè Bọ̀ọ̀dá Délé. Ta la máa mú?

Ẹjọ́ kan tó jọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wáyé ní ìpínlẹ̀ Washington. Ní ọdún 2008, wọ́n fi da Vinci yọ prostate ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà sanra ju ohun tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà gbà nímọ̀ràn lọ. Dókítà tó ṣe é ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí láìlo róbọ́ọ̀tì lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa dá lo róbọ́ọ̀tì láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú abẹ náà bà jẹ́, ara ọkùnrin náà ò sì padà bọ̀ sípò títí tó fi kú ní ọdún 2012. Dókítà àti ọsibítù yanjú tiwọn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ó wá ku iléeṣẹ́ tó ṣe róbọ́ọ̀tì. Wọ́n ní àwọn ti kìlọ̀ fún dókítà, ó parí. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà sọ pé kò parí: ọsibítù ló ra ẹ̀rọ, ọsibítù ló ń pinnu dókítà tó máa fọwọ́ kàn án, torí náà iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kìlọ̀ fún ọsibítù pẹ̀lú.

Ohun tí mo ń wò nínú ẹjọ́ yìí ni pé kò sẹ́ni tó bi róbọ́ọ̀tì ní ohunkóhun. Èèyàn mẹ́ta ni ojú òfin wà lára wọn. Ṣé dókítà náà lo ọgbọ́n tí dókítà tó mọṣẹ́ máa lò? Ṣé ọsibítù rí i pé ó ti kọ́ ọ dáadáa kí wọ́n tó fún un láyè? Ṣé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ sọ ewu rẹ̀ fún àwọn tó yẹ kó mọ̀? Nígbà míì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa pín ẹ̀bi náà.

Ohun kan ń dùn mí nínú òfin Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ohun èlò tó bá gba ọ̀nà tó le jù lọ́dọ̀ FDA, aláìsàn tó ṣe ní jàǹbá kò fi bẹ́ẹ̀ lè lo òfin ìpínlẹ̀ pe iléeṣẹ́ tó ṣe é lẹ́jọ́ mọ́. Èyí tó gba ọ̀nà 510(k) kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ó já sí pé bí ewu ohun èlò bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà àtigba owó gbà-má-bínú ṣe ń dín kù. Yúróòpù ti yí tiwọn padà. Òfin tuntun wọn lórí ọjà tó lábùkù, tí àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀ ní títí di oṣù kejìlá ọdún 2026 láti sọ di òfin ilé wọn, kọ ọ́ ní kedere pé ètò kọ̀ǹpútà náà ọjà ni. Bí iṣẹ́ inú ẹ̀rọ bá díjú débi tí aláìsàn ò fi lè fi ẹ̀rí àbùkù rẹ̀ hàn, adájọ́ lè gbà pé ó lábùkù, kí iléeṣẹ́ wá sọ bí kò ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Kò tíì sí òfin kan tó dá dúró fún AI nínú ìṣègùn. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ọwọ́ wa ṣófo. NAFDAC ló ń forúkọ ohun èlò ìṣègùn sílẹ̀. MDCN ló ń fún dókítà níwèé àṣẹ, òun ló sì lè gbà á padà. Dókítà tó bá wá sọ níwájú wọn pé “ẹ̀rọ ló ní kí n ṣe é” ò tíì sọ ohun kankan. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ọdún 2018 mú ẹni tó bá ta ọjà tó lábùkù. Èyí tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní ọdún 2023. Abala 37 rẹ̀ fún yín ní ẹ̀tọ́ pé ẹ̀rọ nìkan ò gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu ńlá lórí yín, yàtọ̀ sí ìgbà díẹ̀ tí òfin yọ̀ǹda, ẹ sì lè ní kí èèyàn dá sí i. Abala 37 náà ni ẹ̀tọ́ sí àṣírí wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n rántí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí yìí kì í ṣe kékeré. AI ò lè kọ́ nǹkan láìsí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Nílùú London, ọsibítù ìjọba Royal Free kó àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn tó tó mílíọ̀nù 1.6 fún DeepMind, iléeṣẹ́ Google, láti fi ṣe áàpù kan fún àìsàn kíndìnrín. Áàpù náà kì í tiẹ̀ ṣe AI. Ní oṣù keje ọdún 2017, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọsibítù náà rú òfin, torí wọn ò jẹ́ kó yé àwọn aláìsàn pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi àkọsílẹ̀ wọn ṣe nìyẹn. Tí ẹ bá rí dókítà nílé tó ń fi fóònù ya X-ray yín kó lè fi ránṣẹ́ sínú áàpù kan, ẹ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ibo ló ń lọ?” Kì í ṣe àfojúdi. Ara yín ló wà nínú àwòrán yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo tún pe Bọ̀ọ̀dá Délé, mo ní kó mú gègé, kó kọ ìbéèrè mẹ́ta sẹ́yìn ìwé ìyọ̀ǹda náà kó tó buwọ́ lù ú. Ìgbà mélòó lẹ ti dá fi ẹ̀rọ yìí ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí? Bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́ láàárín, kí lẹ máa ṣe? Ṣé ohun kan wà lára mi tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí sọ pé kí wọ́n má fi ṣe fún irú mi?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí mi. Dókítà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn sábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó sì fọwọ́ sí i. Lábẹ́ ìkejì, ó kọ ọ́ pé wọ́n á gbé ẹ̀rọ kúrò, òun á fi ọwọ́ ara òun là á parí, àti pé gbogbo irinṣẹ́ tí òun máa nílò fún ìyẹn á ti wà nílẹ̀ nínú yàrá náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìbuwọ́lù Bọ̀ọ̀dá Délé wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó tóbi, ó sì dúró ṣánṣán, bó ṣe máa ń rí lára lẹ́tà tó ń kọ sí ìyá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé.